Ẹ Fi Ìkòkò Àǹtí Yín Sílẹ̀, Ìràwọ̀ Ń Bẹ Lókè

Ẹ̀yin ará Ọ̀tọ̀, mo kí yín o. Ẹ̀yin ará Ọyìngbò, ẹ kú ọjà. Ẹ̀yin ará Mushin, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kí yín, nítorí mi ò fẹ́ wàhálà. Ẹ̀yin ará Súrùlérè, mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn, ẹ ti di òyìnbó. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i: kò sí ibi tí wọ́n ti ń pariwo ìràwọ̀ láyé yìí tó Mainland Èkó, kò sì sí ibi tí wọn kì í ti í ka ìràwọ̀ gidi sí tó ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, láti Ọ̀tọ̀ títí dé Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó, gbogbo ilé àdúrà ló kún. "Ìràwọ̀ mi, dìde, kí o tàn!" Wọ́n á fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n á mirí títí gèlè á fi bọ́. "Ìràwọ̀ mi tí wọ́n rì mọ́ ìdí ìrókò, jáde wá!" Aago méjì òru nìyẹn o, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ tò bẹẹrẹ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún gan-an. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ló dì pa. Ohun tí wọ́n ń pè ń wò wọ́n látòkè, kò mọ ta ni kó dá lóhùn nínú wọn.

Ìyẹn ni ìràwọ̀ àkọ́kọ́. Ìkejì ni ìràwọ̀ òṣèré. Láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni Súrùlérè ti di ilé fíìmù. Ẹni tó bá ti gbé àwo oúnjẹ wọlé fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan nínú fíìmù, tó ní "Ẹ káàbọ̀ sà," òun náà ti di ìràwọ̀ nìyẹn, ó ti ń wọ dígí dúdú lálẹ́. Ẹ wá sọ fún mi, báwo lẹni tó wọ dígí dúdú lálẹ́ ṣe máa rí ìràwọ̀?

Ìkẹta wà nínú ìgò. Oṣù Kẹfà 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde nílé ìpọntí nílùú Èkó yìí. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin Mainland ti ń rí ìràwọ̀ lálaalẹ́ láìgbójú sókè. Tó bá mu ẹyọ kan, ó rí ìràwọ̀ kan. Tó bá mu mẹ́ta, ó rí mẹ́fà. Awòràwọ̀ wo ló tún jù báyẹn lọ?

Ìkẹrin ni èyí tí Olódùmarè fúnra rẹ̀ gbé sójú ọ̀run, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn lẹnikẹ́ni ò rí tirẹ̀ rò.

Mo mọ àwíjàre yín. Ẹ ó ní ní Mainland, ẹni tó bá gbójú sókè, inú gọ́tà ló máa bára rẹ̀. Mo gbà. Ẹni tó ń rìn ní Ojúẹlẹ́gba gbọ́dọ̀ fi ojú kan ṣọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kó fi ìkejì ṣọ́ fóònù, kó máa fẹsẹ̀ tálẹ̀ wò. Ibo ló ti fẹ́ rí ojú kẹta tó máa fi wo ìràwọ̀? Ṣùgbọ́n irọ́ ni pé a kì í gbójú sókè. Tó bá ti kàn wá, a máa ń gbé e sókè dáadáa. Tí òjò bá ṣú, à ń wòkè nítorí aṣọ tó wà lórí okùn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, à ń wòkè bóyá ti àdúgbò kejì náà ti lọ. Tí tiwọn bá ti lọ, ọkàn wa á balẹ̀. Tí ọkọ̀ òfurufú bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, à ń wòkè, à ń bi Ọlọ́run pé ìgbà wo ni tiwa.

Tí ààwẹ̀ bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, háà! Gbogbo Mushin ti di awòràwọ̀. "Ẹ ti rí i?" "A ò tíì rí i o." "Wọ́n ti rí i ní Sókótó!" "Ta ló rí i ní Sókótó?" Òṣù tín-ín-rín, tí kì í pẹ́ lójú ọ̀run tí oòrùn bá ti wọ̀, òun ni Alfa, onílé àti ayálégbé gun òrùlé tì. Tó bá wá di ọjọ́ karùn-ún, tí òṣù náà ti sanra débi pé afọ́jú ló kù kó rí i, kò sẹ́ni tó tún kà á sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ awòràwọ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ ṣe yẹn: ẹ mọ apá ibi tó máa gbà yọ, ẹ mọ àsìkò rẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe! Ẹ kàn fi mọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ àti ìparí rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìkòkò wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wòlíì á wo ojú yín sùn-ùn, á ní: "Àǹtí yín kan wà, ó dúdú, ó ga díẹ̀. Ó ti gbé ìràwọ̀ yín sínú ìkòkò, ó fi aṣọ pupa dé e." Ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àǹtí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni ò ní àǹtí tó dúdú tó ga díẹ̀?

Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn tó ń pa wá lórí ní ibùdókọ̀ Ọyìngbò, ìràwọ̀ lòun náà, kì í sì í ṣe òun ló tóbi jù láàárín wọn. Tí ẹ bá to ayé yìí ní 109 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìgbà yẹn lẹ máa tó ti etí oòrùn kan dé èkejì. Nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 150 ló wà láàárín àwa pẹ̀lú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sun wá lẹ́yìn. Àǹtí wo ló ní ìkòkò tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Tó bá ní in, kí ló ń wá nínú yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìdí-Òró? Ó yẹ kó ti di gómìnà.

Ìràwọ̀ kan wà tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru yòókù lọ. Àwọn baba wa tó ń tukọ̀ lóru pè é ní ìràwọ̀ ọkọ̀, torí wọ́n gbà pé òun ló ń fọ̀nà hàn wọ́n. Sirius làwọn òyìnbó ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ máa rí lára rẹ̀ lálẹ́ òní ti gbéra níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ àbọ̀ sẹ́yìn. Kò dúró jẹun lọ́nà, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níwájú rẹ̀. Lọ́dún tó gbéra yẹn, òṣèlú kan ń ṣèlérí fún àdúgbò wa pé láìpẹ́ gọ́tà wa á ní ọmọrí. Ìmọ́lẹ̀ ti dé o. Ọmọrí ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ó kàn yín báyìí. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní, "Nígbà tiwa, abẹ́ òṣùpá la ti ń pàlọ́." Ìjàpá lẹ gbájú mọ́, ẹ ò wo òṣùpá. Nígbà tí ẹ sì wò ó, kí lẹ rí? Ẹ rí ọkùnrin kan tó lagi lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí òṣèlú dé, ọkùnrin onígi yẹn kó jáde, Awólọ́wọ̀ kó wọlé. Àgbàlagbà ń búra pé àwọn rí i nínú òṣùpá tòun ti fìlà àti awò ojú rẹ̀. Ní 1609, Galileo gbé ẹ̀rọ awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ó fi wo òṣùpá, òkè àti kòtò nìkan ló rí. Àwọn baba wa ò lo tẹlisikóòpù kankan, wọ́n rí olórí ẹgbẹ́. Ẹ bá mi dá a, ta ló ríran jù?

Ohun kan wà tí mo gbóríyìn fún wọn fún. Wọ́n mọ Àgùàlà, èyí tó máa ń tàn yòò lápá ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́, tàbí lápá ìlà-oòrùn ní ìdájí. Àwọn èèyàn ń rí i tó ń bá òṣù rìn, wọ́n ní ajá òṣù ni. Àwọn àgbà ní rárá o, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣù. Wọ́n sì jàre: Venus ni, ayé kan tó ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bíi tiwa, òun àti òṣùpá ò jọ dá nǹkan pọ̀. Ẹ fi Àgùàlà yìí kan náà han ọmọ Yaba tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó máa wí: "Ẹ̀gbọ́n, dúróònù ta nìyẹn?"

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe. Ọkùnrin kan wà ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà, John Dobson lorúkọ rẹ̀. Ilé àwọn tó fayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn ló ń gbé, ṣùgbọ́n dípò kó jókòó sídìí àdúrà, tẹlisikóòpù ló ń kàn, pẹ̀lú páálí, pákó àti gíláàsì àlòkù. Wọ́n lé e jáde ní 1967. Kí lọkùnrin yìí ṣe? Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti àwọn ọmọdékùnrin kan dá ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ẹ̀bá títì sílẹ̀. Á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí igun òpópónà, á máa ké sí àwọn tó ń kọjá: ẹ wá wo òṣùpá, ẹ wá wo Saturn, ẹ wá wo òrùka tó wà lára rẹ̀. Kò gbowó. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ títí tó fi kú ní 2014, lẹ́ni ọdún 98, àwọn èèyàn kárí ayé sì ń kan tẹlisikóòpù lọ́nà tirẹ̀ títí dòní.

Mo wá ń rò ó pé, ká ní Ojúẹlẹ́gba ni bàbá yìí gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ò tíì fìdí múlẹ̀ tí ọmọ ìta kan á ti dé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa tajà níbí?"

"Mi ò tajà, ọmọ mi. Òṣùpá ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ẹ sanwó ilẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà lẹ máa sanwó òṣùpá. Àwa la ń bá yín ṣọ́ ọ látọjọ́ yìí."

Ìyá alágbàdo á sún mọ́ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé ó lè rí Ítálì? Ọkọ mi wà níbẹ̀ láti 2011, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa."

"Òṣùpá nìkan ni mo fẹ́ wò lálẹ́ yìí, ìyá."

"Kí ni kí n wá fi òṣùpá ṣe? Ṣé òun ló máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á yọ tíkẹ́ẹ̀tì lótò lápò: "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo lẹ rí níbẹ̀?" Kọ́ńdọ́ dáńfó kan á ti gbà á bí iṣẹ́: "Òṣùpá! Òṣùpá wọlé! Ó ku ẹnìkan! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Oníwàásù á gbé gbohùngbohùn rẹ̀ dé, á ní ẹni tó bá yọjú wo ojú ọ̀run ti tojú bọ àṣírí Ọlọ́run.

Níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ọmọdébìnrin kan tó ń kiri ọsàn á gbé igbá rẹ̀ sọ̀, á fojú sí ẹnu ẹ̀rọ, á figbe ta: "Yéè! Gbogbo ojú rẹ̀ ló jẹ́ kòtò bíi títì àdúgbò wa!"

Ó parí! Ìgbà yẹn ni ìlà á ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. "Èmi ló kàn!" "Ẹ̀yìn mi lẹ wà!" Ìyá alágbàdo tí kò rí ohun tó fẹ́ fi òṣùpá ṣe á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ìta tó ń gbowó òṣùpá á ní òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, òun ló ni ilẹ̀. Mo mọ ẹ̀yin èèyàn mi dáadáa. Kì í ṣe pé ẹ kórìíra ìràwọ̀, ẹnìkan ò tíì fi hàn yín ni.

Ìjọba náà ńkọ́? Ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n fìwà jọ wá. Ní 1999 ni wọ́n dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfurufú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n ti Rọ́ṣíà fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí sátẹ́láìtì wa ń ṣe nígbà tó dókè tán? Ilẹ̀ ló ń wò! Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó máa ya àwòrán ilẹ̀, igbó àti omi, iṣẹ́ tó wúlò sì ni. Àmọ́ ẹ gbà pé ọmọ bíbí Nàìjíríà ni lóòótọ́: ó dé àárín àwọn ìràwọ̀, kò wo ọ̀kan.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní 2019, àjọ àwọn awòràwọ̀ àgbáyé pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fi ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ayé tó ń yí i po, ta orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 lọ́rẹ, wọ́n ní kí ará ìlú bá wọn sọ ọ́ lórúkọ. Nàìjíríà gba èyí tí wọ́n ń pè ní HD 43197. Orúkọ wo ló jáde? Amadioha, òrìṣà ààrá àwọn Ìgbò, ni ìràwọ̀, Equiano ni ayé rẹ̀. Orúkọ tó dáa ni, ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará wa ọmọ Ìgbò. Yorùbá dà? Yorùbá tó ń sọ ọmọ kan lórúkọ mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ kẹjọ, tí ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó àti onílé ń ju owó sínú abọ́ omi kí tiwọn lè wọlé! Odidi ìràwọ̀ ń wá orúkọ, àwa wà lóde ìnáwó, à ń jà nítorí pé aṣọ ẹbí ò kárí. Ṣàngó jókòó sílé, Amadioha ló gba ilẹ̀ lókè. Tí ààrá bá sán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́dún yìí, ẹ mọ ẹni tínú ń bí.

Àwọn ará Ghana tí à ń bá du ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ńkọ́? Wọ́n ní àwo gàgàrà àtijọ́ kan ní Kuntunse, nítòsí Accra, tí wọ́n fi ń gba tẹlifóònù láti òkè òkun. Nígbà tí kò wúlò mọ́, wọn ò tà á fún oníǹkan àlòkù. Wọ́n tún un ṣe, ní 2017 ó di etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tó ń ti ara ìràwọ̀ wá. Àwa náà ní àwo àlòkù lórí òrùlé l'Ébùté Mẹ́ta o. Wọ́n sá èlùbọ́ sí ọ̀kan, èkejì ti di òrùlé ilé adìẹ.

Nígbà mìíràn, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ a máa ṣeré wá bá wa nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, òṣùpá gba iwájú oòrùn kọjá. Òkùnkùn ṣú bo Accra àti Lomé, ìba díẹ̀ ló sì kù lára oòrùn tí Èkó rí. Àwọn kan bomi sínú abọ́ láti fi wo òjìji rẹ̀, àwọn kan sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2025, òṣùpá tún bọ́ sínú òjìji ayé. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ní Èkó lòun náà ń yọ, ojú rẹ̀ pọ́n, torí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ pupa tó yọ́ gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá nìkan ló ń dé ara rẹ̀. Kíá, WhatsApp ti gbà á: "Òpin ayé ti dé! Ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn ogún kílẹ̀ tó mọ́." A fi ránṣẹ́. Ayé ò parí, dátà ló parí.

Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe kẹ́ wa tó. Èkó ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, ìwọ̀n 6.5 péré ni. Nítorí náà, ìràwọ̀ ti àríwá àti ti gúúsù ló ń gba orí wa kọjá. Ìràwọ̀ mẹ́rin kan wà tó ya àgbélébùú. Tó bá di oṣù Karùn-ún, tí òjò bá gbà fún wa, ẹ dúró létí ọ̀sà lálẹ́, ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ máa rí i. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham, tó ń fi àwòrán yìnyín yangàn sí yín, kò lè rí i láti ibẹ̀ láé. Ẹ fi àwòrán àgbélébùú náà ránṣẹ́ sí òun náà, kó mọ̀ pé a ò kúkú tòṣì tán.

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, lálẹ́ tí ọyẹ́ ò bá gbé eruku bò wá, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ. Èyí tó ń tàn yòò lápá gúúsù ìlà-oòrùn wọn ni ìràwọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá ní awò olójú méjì, kó fi wo Jupiter nígbà tó bá yọ. Á rí òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin, àwọn tí Galileo rí ní 1610. Oòrùn nìkan ni kẹ́ ẹ má fi ojú lásán tàbí awò kankan wò, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti dókítà ojú. Láti 2010, alẹ́ kan wà lọ́dọọdún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí èèyàn kárí ayé lè jọ wo òṣùpá pọ̀. Tí àwa ò bá yọjú ńkọ́? Ṣé ó tún yẹ kí n máa pòwe Ọyìngbò fún ará Ọyìngbò? Ọjà ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, tí àwọn oníná bá tún ṣe tiwọn, kẹ́ ẹ tó fa okùn jẹnẹrétọ̀, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ mú àwọn ọmọ yín, ẹ bọ́ síta, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí gọ́tà wà, kẹ́ ẹ tó wòkè. Tí ẹ bá rí ìràwọ̀ tán, ẹ fi fóònù pe àǹtí yín tó dúdú tó ga díẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì. Kẹ́ ẹ sì tètè wò ó o: ọ̀fẹ́ ṣì ni, agbèrò ò tíì débẹ̀.